Adìẹ Ìrànà fún Okigbo

Àwọn àgbà ní ká kú lọ́mọdé kó yẹni, ó sàn ju ká dàgbà láìní adìẹ ìrànà lọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kàwé nípa Christopher Okigbo, akéwì tó di ọmọ ogun, mo rí i pé òwe náà kò bá tirẹ̀ mu délẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún tó fi kú, ikú náà sì yẹ ẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀ kò rí adìẹ ìrànà. A kì í tu ìyẹ́ adìẹ lójú ọ̀nà fún òkú tí ẹnikẹ́ni kò gbé wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ewì lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹgbẹ́ wa lè máa rẹ́rìn-ín pé ta ni kò mọ Okigbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwa ará ẹ̀ka Yorùbá o. Ọmọ Ìgbò ni, ará Ojoto. Ìbàdàn ló ti kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Gíríìkì àti Látìn ní 1956. Ó ṣe tíṣà ní Fìdítì, àní Fìdítì tiwa yìí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta èso. Ó ṣiṣẹ́ ní láíbìrì Yunifásítì Nsukka, ó tún padà sí Ìbàdàn láti ṣe aṣojú ilé ìtẹ̀wé Cambridge. Ẹgbẹ́ Mbari n'Ìbàdàn, tí Soyinka àti Achebe náà wà níbẹ̀, ló tẹ ìwé ewì rẹ̀, Heavensgate, jáde ní 1962. Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe Ìgbò. Ọmọ ọba Ebira ni, láti Àríwá ìgbà náà.

Ẹ wo irú èèyàn tó jẹ́. Ní 1965, ó kọ ewì ìrántí fún W. B. Yeats, akéwì ilẹ̀ Ireland. Ọwọ́ oríkì Yorùbá ló mú bọ̀ ọ́, bí ẹni ń ki ológun wa kan. Ní 1966, wọ́n fún un lẹ́bùn ewì níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar, ó kọ̀ ọ́. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ewì aláwọ̀ dúdú. Ewì tó dáa àti èyí tí kò dáa ló wà.

Kí ló wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ojú ogun? Ọdún 1966 yẹn náà ni. Wọ́n pa àwọn Ìgbò lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Àríwá, àwọn tó kù sì ń sá bọ̀ wálé. Okigbo náà padà sí Ìlà-Oòrùn. Kí ogun tó dé rárá ló ti kọ ọ̀wọ́ ewì kan, Path of Thunder, tó fúnra rẹ̀ pè ní àsọtẹ́lẹ̀ ogun. Nígbà tí ìbọn dún ní oṣù Keje 1967, òun àti Achebe ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ ní Enugu ni, Citadel Press. Ó fi ìyẹn sílẹ̀, ó gbé ìbọn. Kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ ológun kankan, àmọ́ wọ́n fi í ṣe Méjọ̀ nínú ogun Biafra. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ṣubú lójú ìjà Nsukka, ìlú tó ti ń to ìwé sórí pẹpẹ láíbìrì lọ́jọ́sí.

Inú rédíò ọkọ̀ ni Achebe ti gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kó kú. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló di orúkọ ìwé ewì ìrántí tí wọ́n ṣe fún Okigbo ní 1978.

Ali Mazrui, ọ̀mọ̀wé ará Kẹ́ńyà, kọ ìtàn àròsọ kan ní 1971 tó fi gbé Okigbo lọ sílé ẹjọ́ lọ́run. Ẹ̀sùn rẹ̀? Pé ó fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣíwájú iṣẹ́ ọnà. Èmi ò fara mọ́ ẹjọ́ yìí. Káfíńtà lọ sójú ogun yẹn, àgbẹ̀ lọ, ọmọ ilé-ìwé lọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ akéwì pupa ju tiwọn lọ ni? Ẹni tí wọ́n ń pa ará ilé rẹ̀ kò lè máa wọn ewì lójú ìwọ̀n kó tó dìde.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àwọn tó ń fi ikú rẹ̀ ṣe adùn náà, bíi pé ikú yẹn ló parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò parí nǹkan kan. Bọ́ǹbù ba ilé rẹ̀ ní Enugu jẹ́, ìwé tó ń kọ sì ṣègbé nínú rẹ̀. Lára èyí tó ṣẹ́ kù, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ìrántí ayé ní 2007, ni ewì mélòó kan wà ní èdè Ìgbò. Ẹ ò rí i? Ọkùnrin tí ayé mọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọ ewì. Ibi tí ìyẹn ì bá dé, ogun kò jẹ́ ká mọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, èmi tó jẹ́ pé èdè ìyá mi ni mo wá kọ́ ní yunifásítì.

Adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé, ó kan gbogbo wa. Okigbo fi oríkì wa ki àlejò tí kò mọ̀ wá rí. Ó yẹ kí àwa náà ki òun. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ewì rẹ̀ kan wá, ká kà á sókè, ká gbìyànjú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fi ewì dídùn pè wá sí ogun lọ́la, ká bi í pé ta ni yóò gbé òkú wálé.