Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Òfin Ẹ̀rí láti Gold Coast dé Ashaiman

Ní àwọn ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ èbúté Tema ní ilẹ̀ Gánà, kí wọ́n tó ṣí i ní 1962, ni àwọn òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká ilé inú ìlú tuntun náà ya wọ Ashaiman tó wà lẹ́bàá rẹ̀, tí abúlé fi di ìlú ńlá, tí Ga àti Dangme, Ewe, Akan, Dagomba, Hausa àti àwọn ọmọ káàárọ̀-oò-jíire sì jọ ń gbé ojú kan. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ẹjọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Kóòtù wà ní Ashaiman lónìí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò òfin tó ń sọ irú ẹ̀rí tí adájọ́ ibẹ̀ lè tẹ́tí sí ti wà nílẹ̀ kí ìlú náà tó gbilẹ̀, àwa Yorùbá sì ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀.

Láàrin ọdún 1874 sí 1886, abẹ́ ìjọba Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà, ni Èkó wà, nítorí náà òfin Supreme Court ti 1876 tó gbé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Accra ló gbé e wọ Èkó. Àwọn baba wa kò ṣàìmọ ìdájọ́ tẹ́lẹ̀: tẹnu oníkálukú ni wọ́n ń gbọ́ tán, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, wọ́n sì mọ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà, àmọ́ wọn kì í di ìròyìn lẹ́nu, wọn a jẹ́ kí ó délé, wọn a sì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn. Nítorí pé ènìyàn méjìlá tí kò kọ́ ìmọ̀ òfin ló máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní ìlú wọn, ó fi aṣọ́nà síwájú etí, kí ohun tó lè ṣì wọ́n lọ́nà, irú bí àgbọ́sọ, má bàa wọlé rárá. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ta ni yóò sọ pé òun kò gbọ́ ohun tí òun ti gbọ́?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dán òfin yìí wò. Ta ni yóò jẹ́rìí pé baba ńlá àwọn ló tẹ ibì kan dó, nígbà tí gbogbo ẹni tó ṣojú rẹ̀ ti di ará ọ̀run? Bí kóòtù bá kọ àgbọ́sọ pátápátá, ìdílé wo ni yóò rí ilẹ̀ rẹ̀ gbà? Bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Ní 1916, nínú ẹjọ́ Angu àti Attah tó ti Gold Coast dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá gbára lé àṣà mú ẹlẹ́rìí wá, títí àṣà náà yóò fi di ohun tí kóòtù mọ̀ dunjú. Èyí tí mo kà sí ọlọ́gbọ́n jù lọ dé ní 1957, ẹjọ́ Kojo àti Bonsie láti ilẹ̀ Asante, níbi tí ìtàn ìhà méjì ti ta ko ara wọn. Privy Council ní kí adájọ́ má gbára lé ìrísí ẹlẹ́rìí, torí olóòótọ́ pàápàá lè ṣàṣìṣe nípa ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún; kí ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yẹ ìtàn méjèèjì wò, irú bí ẹni tó ń dáko níbẹ̀ àti ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹjọ́ yìí ni àwọn lọ́yà ilẹ̀ Yorùbá ṣì fi ń jà fún ilẹ̀ títí dòní.

Ní 1975, lábẹ́ ìjọba ológun Acheampong, òfin ẹ̀rí ilẹ̀ Gánà di ìwé kan ṣoṣo, NRCD 323. Abala kẹfà rẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ ta ko ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ta kò ó lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá mú un wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, torí abala karùn-ún kò jẹ́ kí wọ́n yí ìdájọ́ padà nítorí ẹ̀rí tí kò yẹ, àyàfi tí ìrẹ́jẹ gidi bá ti ibẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí. Ọlọ́pàá yọ ìwé kan jáde pé olùjẹ́jọ́ ti jẹ́wọ́. Kí adájọ́ tó gbà á, lọ́yà ti dìde: ó ta kò ó. Adájọ́ bi í léèrè ìdí. Lọ́yà ní èdè Dagbani nìkan ni oníbàárà òun gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́? Abala 120 ló gùn lé, tó ní ìjẹ́wọ́ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ ṣojú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí ṣọ́jà, tó gbọ́ èdè olùjẹ́jọ́, tó lè ka èyí tí wọ́n fi kọ ìwé náà, tó sì fọwọ́ sí i pé wọn kò fipá mú un sọ ọ́. Bí olùjẹ́jọ́ kò bá mọ̀wé, kí ẹlẹ́rìí náà kà á fún un, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ yékéyéké kí olùjẹ́jọ́ tó tẹ̀ka. Ní ìlú elédè púpọ̀ bí Ashaiman, n kò mọ ààbò tó ju èyí lọ fún mẹ̀kúnnù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó lọ́yà ńkọ́, tí kò mọ ìgbà tí à ń dìde? Abala kẹjọ rántí rẹ̀: ó fún adájọ́ lágbára láti ti ẹ̀rí tí kò yẹ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ta kò ó. Òfin kò sọ ọ́ di dandan. Mo ń bẹ àwọn adájọ́ Ashaiman kí wọ́n máa lo agbára náà nígbà tí obìnrin alátẹ kan bá dá dúró níwájú wọn, tí àwọn lọ́yà sì kún ìhà kejì.