Ẹrẹ̀ Araçá Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Bí òkun bá fà sẹ́yìn ní Araçá, nílùú São Sebastião tó wà ní ìpínlẹ̀ São Paulo lórílẹ̀-èdè Brazil, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló máa ń kù sílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa á rí òkìtì kéékèèké tó ká jọ bí okùn. Ìgbẹ́ ẹkòló òkun ni. Ẹkòló náà fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú ihò tó tẹ̀ bí lẹ́tà U: ó ń fi orí rírọ̀ gbẹ́lẹ̀, ó ń gbé iyanrìn mì, ó ń jẹ ohun tó ṣe é jẹ nínú rẹ̀, ó sì ń da ìyókù síta. Balanoglossus gigas ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó lè gùn ju mítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ rọ̀ débi pé ó máa ń já lọ́wọ́ ẹni tó ń wú u. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tí irú nǹkan báyìí ń gbé kò wúlò àfi kí a dí i, kí a kọ́lé sórí rẹ̀. Ìtàn bí aráyé ṣe mọ ìdílé ẹkòló yìí kò gbè sẹ́yìn èrò náà.

Lọ́dún 1825, onímọ̀ nípa ẹranko kan tó ń jẹ́ Eschscholtz ṣàpèjúwe ọ̀kan tó rí ní àwọn erékùṣù Marshall, ó sì kà á mọ́ ẹ̀yà ẹranko òkun mìíràn. Lọ́dún 1850, onímọ̀ mìíràn, Johannes Müller, rí ọmọ irú ẹkòló bẹ́ẹ̀ tó ń léfòó lójú omi, ó pè é ní ọmọ ẹja ìràwọ̀. Àwọn tó tú u wò fínnífínní ló tún àṣìṣe náà ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Kowalevsky, fi hàn lọ́dún 1866 pé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́fun rẹ̀ bíi ti ẹja. Bateson, tó fún ìmọ̀ nípa àjogúnbá ní orúkọ tí ayé ń pè é lónìí, lọ sí etí omi Chesapeake ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1883 láti wo bí ẹyin ẹkòló ṣe ń dàgbà. Ti Brazil yìí, Fritz Müller, ará Jámánì tó tẹ̀ dó sí Santa Catarina lọ́dún 1852, ló ṣàwárí rẹ̀. Orúkọ ẹkòló náà jáde nínú ìwé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Spengel lọ́dún 1893. Nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ àjogúnbá ẹ̀yà méjì nínú ìdílé náà lọ́dún 2015, wọ́n bá ìlà kan tó ń darí kíkọ́ ọ̀fun, tí àwa ẹlẹ́gungun ẹ̀yìn náà ní. Ìbátan wa ni, ó jìnnà ni.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ èbúté tó wà nítòsí Araçá ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ẹkòló kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ọmọ èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja àti àwọn tó ń ṣa ìṣáwùrú ní Araçá náà ń jẹun níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ka ẹ̀yà ohun ẹlẹ́mìí tó ju 700 lọ. Nígbà tí ètò wà láti fẹ èbúté jáde sórí omi náà, ilé ẹjọ́ dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró lọ́dún 2014. Ẹlòmíràn lè ní kí a sáà tọ́jú díẹ̀ nínú ẹkòló náà sínú ìgò. Ìgò kò lè fi ihò hàn wá, kò lè fi bí ẹyin ṣe ń di ọmọ hàn wá. Òkú kì í sọ bó ṣe gbé ayé.

Láti 1825 sí 2015, ọdún 190 ni a fi ń tún èrò wa ṣe lórí ìdílé ẹranko kan ṣoṣo tó wà nínú ẹrẹ̀. Ká ní wọ́n ti dí etíkun wọ̀nyẹn pa lọ́dún àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí ì bá sunkún, torí kò sẹ́ni tí ì bá mọ ohun tó sọnù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa pe ẹrẹ̀ ní òfìfo kí a tó wò ó.