Ìka Tó Ṣẹ̀ àti Ìka Tó Tọ́ Epo: Ogun Ìráákì àti Ìbò Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà
Òwe méjì ni Yorùbá ń fi ìka pa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Èkíní ni pé ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èkejì ni pé bí ìka kan bá tọ́ epo, yóò ran àwọn yòókù. Ìjà tó wà láàárín òwe méjèèjì yìí ló dojú kọ olùdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ogun Ìráákì bẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ìbò jẹ kánsẹ́lọ̀ àdúgbò níyà nítorí ogun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí? Iṣẹ́ yìí yóò wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 2003 sí 2006 láti fi dáhùn ìbéèrè náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá, nítorí pé òfin ilẹ̀ náà gba ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú láyè láti dìbò gẹ́gẹ́ bí ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Kò yọ àwọn ará Peckham sílẹ̀.

Àwọn tó fọwọ́ sí ogun
Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2003, aṣòfin 412 fọwọ́ sí ogun, 149 kọ̀ ọ́. Tony Blair, olórí ìjọba, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Labour. Síbẹ̀, 139 nínú àwọn aṣòfin Labour dìbò lọ́jọ́ náà pé ìdí ogun kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Robin Cook ti fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹgbẹ́ Conservative, tí í ṣe alátakò àgbà, fọwọ́ sí ogun; ẹgbẹ́ Liberal Democrats kò fọwọ́ sí i. Kò sí ìgbà tí a bi àwọn kánsẹ́lọ̀ léèrè. Ilé gbígbé, ilé-ìwé, kíkó pàǹtírí àti ìtọ́jú àwọn arúgbó ni iṣẹ́ tiwọn.

Ìdájọ́ àwọn olùdìbò
Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2004, ẹgbẹ́ Labour pàdánù kánsẹ́lọ̀ tó lé ní 450. Newcastle, tí wọ́n ti ń ṣàkóso láti ọdún 1974, bọ́ sọ́wọ́ Liberal Democrats. John Prescott, igbákejì Blair, gbà pé òjìji ogun náà ṣíji bo ìbò yìí. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ Respect tó ń tako ogun gba ìjókòó 12 nínú 51 ní Tower Hamlets.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tó yẹ kí a kíyè sí. Àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Conservative ló jèrè ìjókòó jù lọ ní ọdún 2004, bẹ́ẹ̀ àwọn náà fọwọ́ sí ogun. Ẹni tó torí ogun lé Labour, tó wá fi Conservative rọ́pò rẹ̀, kò fìyà jẹ ogun rárá. Èkejì, lọ́jọ́ kan náà, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tún Ken Livingstone yàn gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀ lábẹ́ àsíá Labour, nígbà tí ìjókòó Labour nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà rẹlẹ̀ láti 9 sí 7. Gbangba ni Livingstone ti dúró bu ẹnu àtẹ́ lu ogun náà. A kò lè sọ pé ìdí kan ṣoṣo ni èyí, ṣùgbọ́n ó hàn pé àsíá ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ni olùdìbò ń wò.

Àríyànjiyàn
Àwọn kan yóò ní kánsẹ́lọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọmọ ẹgbẹ́ ní àdúgbò ló ń yan ẹni tí yóò díje sílé aṣòfin, òun náà ló ń kanlẹ̀kùn káàkiri láti polongo fún un. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ní ohùn nínú ẹgbẹ́, tó sì panu mọ́, ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ síta, tí a sì tún lé dànù pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ni yóò fi kọ́gbọ́n? Yóò mọ̀ pé kò sí èrè nínú àtakò.

Ìgúnlẹ̀
Ní ọdún 2016, ìwádìí tí John Chilcot darí fi hàn pé a kò tíì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà àlàáfíà tán kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìbínú àwọn olùdìbò kì í ṣe lásán. Síbẹ̀, ìtàn 2004 kọ́ wa pé kí olùdìbò tó gé ìka, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tó tọ́ kí á bi ọmọ ẹgbẹ́ olóṣèlú ní àdúgbò ni pé: nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ ń lọ sógun, kí ni ìwọ sọ, ta sì ni o sọ ọ́ fún?