Ìtàn Ìtọ́jú Oorun Ọmọ Ìkókó ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Láti 1913 títí di Òde Òní

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn òbí ń gbà mú ọmọ ìkókó sùn, àti bí wọ́n ṣe ń fara da oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ní agbègbè Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé oorun ọmọ kò yí padà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn; iye ọwọ́ tí ó wà nílé láti gbé ọmọ ni ó yí padà. A wo èbúté, ètò ilé gbígbé, ìṣègùn ìgbàlódé àti òfin iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí okùnfà ìyípadà náà. A sì mú àbá wá fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Láti fi kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìkìlọ̀, ẹ̀rí ni. Ó jẹ́rìí sí i pé àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á mọ òru abiyamọ dunjú, wọ́n sì mọ̀ pé oorun ìyá àti oorun ọmọ so mọ́ ara wọn.

Orin arẹmọ ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn sábà máa ń yẹ̀ wò bí ọ̀rọ̀ bá kan oorun ọmọ. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan tí ó jẹ́ ti onítàn: ta ni ó ń kọ orin náà ní òru, ta ni ó sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́? Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni a yàn láti fi dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí pé ọ̀nà kò jìn láàrin àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìtàn ilẹ̀ àti ilé wọn yàtọ̀ gédégbé.

Ọlọ́mọ tuntun nínú agboolé

Nínú agboolé Yorùbá àtijọ́, a kì í fi ọmọ ìkókó sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nìkan. Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ni ó ń wẹ ọmọ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, tí yóò sì fi òrí tàbí àdí pa á lára. Ìyá ọmọ náà yóò wẹ omi gbígbóná, yóò sì mu ẹ̀kọ gbígbóná kí omi ọyàn lè wá. Ní ọ̀sán, ẹ̀yìn ni ọmọ ń gbé, bí ìyá rẹ̀ bá sì fẹ́ sinmi, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni wọn yóò fi ọ̀já gbà á mọ́. Ní òru, ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ ń sùn sí kí ọyàn má baà jìnnà sí i.

Oríkì tí a ń fún ọmọ jẹ́rìí sí ètò yìí. Samuel Johnson sọ nípa irú orúkọ báyìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Bí a bá tú Àdùkẹ́, ẹni tí a dù láti kẹ́ ni. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ kí a lè rí i kẹ́. Ẹnì kan kì í bá ara rẹ̀ du nǹkan. Orúkọ wọ̀nyí kò lè ní ìtumọ̀ àyàfi ní ilé tí ọwọ́ tí ó ń nà sí ọmọ ti ju ẹyọ kan lọ.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé gbogbo nǹkan ni ó dára láyé àtijọ́. Orúkọ bíi Málọmọ́ àti Dúrójayé ń rán wa létí pé ikú ọmọ ọwọ́ wọ́pọ̀ púpọ̀. Ẹkún ọmọ ní òru kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun nìkan nígbà náà. Ẹ̀rù ikú wà nínú rẹ̀.

Èbúté, ilẹ̀ àti yàrá

Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá fún ìlò ìjọba. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jàre ní 1921: ilé ẹjọ́ gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ó ti yẹ. Onítàn òfin máa ń ka ẹjọ́ yìí sí pàtàkì, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀rọ̀ wa náà, nítorí pé láti ìgbà náà ni Àpápá ti ń kúrò ní ilẹ̀ ìdílé, tí ó ń di ilẹ̀ iṣẹ́. Wáàfù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1926. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, èyí tí ó jà ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, sílẹ̀ ní 1928. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la Àpápá sí àdúgbò ilé gbígbé àti ilé iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Àjọ tí ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté nílò ibi tí wọn yóò sùn sí, ilé ńláńlá Àpápá kì í sì í ṣe tiwọn. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé. Orúkọ ibi tí wọ́n ń pè ní Boundary títí di òní ń rán wa létí ààlà tí ó wà láàrin Èkó tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìhà kejì ààlà ni Ajégúnlẹ̀ wà, nítorí náà ètò LEDB kò dé ibẹ̀. Àwọn Awórì onílẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti àwọn Yorùbá láti òkè kún ibẹ̀, ìdílé kan sí yàrá kan, yàrá kọjú sí yàrá, wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀.

Báyìí ni ọ̀nà méjì ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ilé olódi ní Àpápá, àyè wà láti fún ọmọ ní yàrá tirẹ̀, owó sì wà láti gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, bí ọmọ kan bá ké, gbogbo ilé ni ó gbọ́. Ìyá àgbà wà ní ìlú tí ó jìn. Bí ó bá wá, yóò tẹ́ ẹní sínú yàrá kan náà, kò sì lè pẹ́. Síbẹ̀ àwọn ará ilé di ìbátan fún ara wọn. Àwọn Ìgbò mú àṣà ọmụgwọ wọn wá, níbi tí ìyá ìyàwó ti máa ń wá tọ́jú ọmọ àti ìyá ọmọ, ó sì bá tiwa mu. Ìyá tí ilé rẹ̀ jìn sì lè rí ẹni ẹ̀yà mìíràn bá a gbé ọmọ kí ó lè rí oorun ìṣẹ́jú díẹ̀ sùn. Èyí ni ó jẹ́ kí a sọ pé òwe tí ó ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó, kò kú ní Ajégúnlẹ̀. Ojú tí ó ń wo ọmọ ni kò jẹ́ ti ẹbí mọ́.

Ìṣègùn ìgbàlódé àti ẹ̀kọ́ aago

Ìṣègùn ìgbàlódé gba ẹ̀mí ọmọ là púpọ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, gboyè ní Dublin ní 1938, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Massey Street ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, onímọ̀ ìṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ó sì fi ìlera alábọ́ọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe pàtàkì.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kò dá wá. Frederic Truby King ti ilẹ̀ New Zealand, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Plunket sílẹ̀ ní 1907, kọ́ àwọn ìyá pé aago ni kí wọ́n máa fi fún ọmọ lọ́yàn, kí ọmọ sì máa dá sùn. Ẹ̀kọ́ yìí tàn ká ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Àwọn onímọ̀ òde òní kò bá a lọ mọ́. Wọ́n ní ọmọ tuntun a máa sùn tó wákàtí 14 sí 17 láàrin ọ̀sán àti òru, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí pé inú rẹ̀ kéré, kò sì tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ó máa ń tó oṣù bíi méjì sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń jí ní òru kò ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ̀bi.

Ìmọ̀ tuntun kan wà tí agboolé kò ní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ń kéde pé ẹ̀yìn ni kí a fi ọmọ lélẹ̀ nígbà tí ó bá ń sùn. Ikú òjijì ọmọ ọwọ́ sì lọ sílẹ̀ gidigidi níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n máa ń da ojú ọmọ délẹ̀ nítorí pé ó ń sùn pẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò láti gbọ́ èyí, kí wọ́n sì mọ̀ pé ìrọ̀rí àti aṣọ tí ó pọ̀ léwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

Ohun tí ó wọ àlàfo náà

Nígbà tí ọwọ́ bá dín kù nílé, nǹkan mìíràn ni yóò wọ àlàfo náà. Àgbo àti omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ọmọ kí ó lè dákẹ́. Oògùn olómi inú ìgò sì tẹ̀lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2001 pé ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera gbogbogbòò ti 2018 fi hàn pé ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ó ń mu ọyàn nìkan ní Nàìjíríà.

Ewu tí ó wà nínú ìgò fara hàn ní ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ṣe ní Èkó, ní kẹ́míkà olóró nínú, ọmọ 84 ni ó sì bá a lọ. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìkà nínú àwọn ìyá tí wọ́n rà á. Ọmọ ń sunkún, wọ́n sì fẹ́ kí ó sùn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó rẹ̀ kì í ní agbára láti wádìí ohun tí ó wà nínú ìgò.

Oorun Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tún ní ọ̀tá tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún ní òru nígbà tí iná ọba bá lọ, èéfín rẹ̀ sì lè pa ènìyàn bí a bá gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ní àwọn ọdún 2010, tírélà dí ọ̀nà èbúté débi pé òṣìṣẹ́ lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí lójú ọ̀nà, kí ìjọba tó gbé ètò ìpè ọkọ̀ orí ẹ̀rọ kalẹ̀ ní oṣù Kejì 2021. Wákàtí tí bàbá tàbí ìyá lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, inú wákàtí tí ó yẹ kí ó fi gba ọmọ mọ́ra ni ó ti wá.

Àárẹ̀ ọkàn abiyamọ

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan, abísínwín, fún obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé a ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù lọ nìkan ni ó dárúkọ. Ìyá tí ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń fún un lọ́yàn, tí ó sì ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, a kò ní orúkọ fún tirẹ̀. A ó ní ó ya ọ̀lẹ tàbí aláìmoore. Ìwádìí tí Adéwùyà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 láti Iléṣà rí i pé ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ni ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà, kò yẹ kí a rò pé Ajégúnlẹ̀ yóò bọ́ nínú rẹ̀.

Òfin àti ipò bàbá

Òfin iṣẹ́ ti 1974 fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà fún àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àti ọjọ́ mẹ́wàá fún àwọn bàbá, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fún àwọn bàbá òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ 14 ní 2022. Nǹkan tuntun ni èyí: òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọwọ́ bàbá mọ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Boundary àti bàbá tí ń fi ojoojúmọ́ gba owó iṣẹ́ ní wáàfù kò sí lábẹ́ òfin wọ̀nyí. Ọjọ́ tí wọn kò bá ṣiṣẹ́ ni ọjọ́ tí wọn kò ní jẹun.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé agboolé, ilé ojúkojú ní Ajégúnlẹ̀, ilé ìwòsàn àti òfin iṣẹ́ jẹ́ ìdáhùn oríṣiríṣi sí ìṣòro kan ṣoṣo, èyíinì ni ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tí ó rẹ̀. Orúkọ tí a fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, jẹ́lé-ó-sinmi, sọ ọ́ kedere: nítorí kí ilé lè sinmi ni a ṣe dá a sílẹ̀. Olùkọ́ wà lára àwọn ọwọ́ tí ó ń gbé ọmọ láti ìgbà tí a ti fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ.

Nítorí náà, a dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi oorun ọmọ àti àárẹ̀ ọkàn òbí kún ẹ̀kọ́ nípa ìgbà èwe. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gba orin arẹmọ àti ọgbọ́n ìtọ́jú sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní Ajégúnlẹ̀, ní gbogbo èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí wọ́n ya èyí tí ó ṣe é tẹ̀ lé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó léwu. Ẹ̀kẹta, bí ìyá ọmọ bá ń pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n fún àìsùn, kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí ó ń bá a gbé ọmọ ní òru, kí ó tó bá a wí.