Láti Ẹrẹ̀ Maggiore Dé Dalori: Ìtàn Àwọn Ẹ̀dá Àìfojúrí Tí Ń Ṣe Gáàsì Methane

Ní Dalori, lẹ́bàá Maiduguri, ogun lé ọ̀pọ̀ ìdílé láti Bama wá sí àgọ́. Ní irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó bá lọ ṣẹ́gi ìdáná ń fi ẹ̀mí wewu. Bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tó lè di iná kò wọ́n ní Borno. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa bí a ṣe mọ ohun tó ń sọ ọ́ di iná.

Ní 1776, Alessandro Volta ru ẹrẹ̀ adágún Maggiore ní Ítálì, ó gba gáàsì tó jáde, ó sì rí i pé ó ń gbaná. Kò mọ ẹ̀dá tó ń ṣe é. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rò pé ẹ̀dá àìfojúrí kan, Methanobacillus omelianskii, ló ń sọ ethanol di methane. Ní 1967, Marvin Bryant àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dá méjì ni. Èkíní ń jẹ ethanol, ó ń tú háídírójìn àti acetate sílẹ̀. Èkejì ń pa háídírójìn náà pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì, ó ń sọ ọ́ di methane. Bí èkejì kò bá kó háídírójìn kúrò, iṣẹ́ èkíní yóò dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn ẹ̀dá tí ń ṣe methane kì í fẹ́ ọ́ksíjìn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń lo acetate tàbí methanol. Agbára tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kéré. Díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù oúnjẹ wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn. Ní 1977, Carl Woese àti George Fox fi hàn pé wọn kì í ṣe bakitéríà rárá.

Nílé wa, ètò tí Joseph Adelegan ṣe agbátẹrù rẹ̀, láti sọ ẹ̀gbin ilé ìpẹran Bódìjà n'Ìbàdàn di gáàsì ìdáná, gba ẹ̀bùn SEED ní 2005.

A dábàá pé kí olùkọ́ fi ìtàn yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan. Nítorí pé àwọn ẹ̀dá yìí kì í tètè pọ̀, gáàsì tó kọ́kọ́ jáde nínú ìgbẹ́ tí a dé pa lè má gbaná. Ẹni tó bá dà á nù lọ́jọ́ kẹta yóò sọ pé irọ́ ni. Ẹni tó bá ní sùúrù ni yóò rí iná.