Ẹni Tí Yóò Bá Ọ Rojọ́

Bí ọlọ́pàá bá mú ẹni tí kò rí ẹjọ́ ọ̀daràn rí láyé rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti ní lọ́yà tí yóò bá a rojọ́. Ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti gba àṣẹ iṣẹ́ náà ní 1879. Ní 1888, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn lọ́yà Èkó.

Ṣùgbọ́n ní 1914, nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, ó mú irú ilé-ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Provincial Court wá sí Gúúsù. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ó ń ṣàkóso ìlú náà ni ó tún jókòó bí adájọ́. Lọ́yà kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀, nítorí Lugard gbà pé lọ́yà a máa dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín ará ìlú. Ẹ wò ó ná! Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè òyìnbó, òun nìkan ni yóò dúró níwájú ajẹ́lẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀, ta ni yóò tún un ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ yìí lè dá ẹjọ́ ikú, bí gómìnà bá ti fọwọ́ sí i.

Àwọn lọ́yà àti oníwèé-ìròyìn Èkó kò gbà fún un. Ní 1933, nígbà ìjọba Gómìnà Donald Cameron, òfin tuntun pa àwọn ilé-ẹjọ́ náà rẹ́, lọ́yà sì rí ààyè wọ ilé-ẹjọ́ gíga tí ó rọ́pò wọn. Ìwé òfin òmìnira ti 1960 fi ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀. Ti 1999 tún un sọ. Nítorí àwọn tí kò lówó, òfin 1976 dá Legal Aid Council sílẹ̀, láti máa fún tálákà ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ̀sùn bá kàn yín, ẹ má bá ọlọ́pàá jà, ẹ má sì sá. Ẹ sọ orúkọ yín, kí ẹ sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ rí lọ́yà kí n tó dáhùn.” Ìwé òfin 1999 gbà yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà, tàbí ẹlòmíràn tí ẹ bá yàn, sọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé yín. Ẹ ránṣẹ́ sílé. Bí owó kò bá sí, kí ará ilé wá ọ́fíìsì Legal Aid Council lọ.

Ẹni tí kò ṣẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ẹni tí kò ní jẹ́ kí ìyà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Àwọn baba wa kúkú ti wí i: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.