Àádọ́ta Ọ̀kẹ́

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì yóò ti ṣàkíyèsí pé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kì í fẹ́ pe mílíọ̀nù kan ní mílíọ̀nù kan. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan kó igba àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà jẹ. Olùgbọ́ á mi orí, á ṣe háà, ìròyìn á sì kọjá sórí bọ́ọ̀lù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi ara rẹ̀ léèrè pé ọ̀kẹ́ wo ni wọ́n ń wí, àti pé kí ni ó wà nínú rẹ̀.

Owó ẹyọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá tí àwọn baba wa ń di ẹyọ sí. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ. Bí irú àpò bẹ́ẹ̀ bá pé àádọ́ta, 1,000,000 dé nìyẹn. Ẹni tí ó ru ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé owó wúwo. Ọrùn rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ó sì ní láti jẹun lójú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni owó ọ̀yà aláàárù ṣe ń jẹ nínú owó tí ó rù.

Ní àkókò tí ọjà ń gbówó lérí lójoojúmọ́ yìí, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé owó àwọn baba wa ní láárí, pé òyìnbó ni ó kó owó tí kò dúró sójú kan wá bá wa. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí wọ́n rò pé ó wà. Òkèèrè ni ẹyọ pàápàá ti wá. Láti àwọn erékùṣù Maldives, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ni a ti ń kó irú èyí tí ó kéré tí ó sì ń dán. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù á fi dí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn bọ̀ láti Éṣíà, wọ́n á sì tún un kó wá sí etíkun tiwa. Ohun tí wọ́n ń fi í rà nígbà náà, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe epo. Ènìyàn ni. Ẹ jẹ́ kí á máa rántí èyí nígbà tí a bá ń yin owó àtijọ́: ọkọ̀ tí ó gbé ẹyọ wá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kò padà lófo.

Nígbà tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀, òwò epo pupa gba ipò rẹ̀, epo sì ń fẹ́ owó púpọ̀. Ní nǹkan bí 1845, àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì rí i pé irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi ju ti Maldives lọ tí kò sì dán tó o, pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ ní agbègbè Zanzibar ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó sì pọ̀ níye ju ohun tí wọ́n ń san lé e lórí lọ. Ilé iṣẹ́ O'Swald wà lára wọn. Àwọn Faransé náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o wá sí Ouidah àti Èkó, wọ́n ń fi í ra epo. Etíkun Zanzibar wá di ilé ìtẹ̀wé owó fún wa. Kò sí gómìnà báńkì tí yóò fọwọ́ sí i, kò sí aṣòfin tí yóò béèrè pé èló ni ẹ tẹ̀ lóṣù yìí.

Ẹyọ pọ̀, ẹrù ọjà kò pọ̀ tó o. Ọ̀kẹ́ ń wúwo sí i lórí aláàárù, nítorí ẹyọ Zanzibar tóbi, ṣùgbọ́n ó ń fúyẹ́ sí i lọ́jà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí, ẹgbàá kan kò ju nǹkan bí sísì lọ, odidi ọ̀kẹ́ sì di ṣílè márùn-ún. Ta ni ó jẹ ìyà rẹ̀? Kì í ṣe alájàpá, nítorí òun kì í jẹ́ kí owó sun lọ́wọ́ òun. Bí ó bá ti gba ẹyọ láàárọ̀, ó ti fi ra ẹrù mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá tí ó da owó sínú ìkòkò tí ó rì í mọ́lẹ̀ ilé, tí ó ń fi í de ọjọ́ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ọmọ, òun ni ó jẹ ẹ́. Olè kankan kò wọlé. Ẹyọ pé bí ó ti kà á. Agbára inú rẹ̀ ni ó ti jáde lọ. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, nígbà tí dọ́là kan kò tó náírà kan ní báńkì, tí ó wá ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní 2024, nígbà tí dọ́là kan ti ré kọjá 1,500 náírà, yóò dá bàbá yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó ẹyọ wọlé ní 1904. Ṣílè àti kọ́bọ̀ gba ìlú, títí náírà fi dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, méjì sí pọ́n-ùn kan. Láti inú èyí ni àpò àwọn ìyá ọlọ́jà ti wá: àpò kan jẹ́ 200 náírà, ìyẹn 100 pọ́n-ùn àtijọ́, owó tí ẹni tí ó bá ní in nígbà náà lè máa fi yan fanda. Ní 2024, àpò kan kò ra ju omi inú ọ̀rá mẹ́rin lọ níbi púpọ̀. Àpò ìrẹsì sì ń lọ ní nǹkan bí ọ̀kẹ́ owó mẹ́rin, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹyọ ni a bá ṣì ń ná, aláàárù mẹ́rin ni yóò ru owó lọ, ẹnì kan ni yóò sì ru ìrẹsì bọ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, Godwin Emefiele, kéde pé a ó pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2023, ti àtijọ́ kò ṣeé ná, tuntun kò ṣeé rí. Owó ẹni wà ní báńkì, ebi sì ń pa olówó. Níwájú àwọn oní-POS ni a ti rí ẹni tí ó san 2,000 kí ó tó gba 10,000. Aláàárù ọjọ́ kìíní ni ó padà wá yìí, tí ó ń jẹ nínú owó tí ó rù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rìn dé ibì kankan. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní láti pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná di òpin ọdún náà.

Ẹyọ ní tirẹ̀ kò kú tán. Ó fi ọjà sílẹ̀, ó gba ojúbọ lọ. Ẹẹ́rìndínlógún rẹ̀ ṣì ń fọhùn fún àwọn olórìṣà nílé, ó sì ń fọhùn ní Brazil àti Cuba, níbi tí àwọn tí a fi ẹyọ rà gbé e dé. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mẹ́rìndínlógún láti máa dá yóò lọ bá àwọn lẹ́kulẹ́ja lọ́jà, yóò sì fi náírà rà á. Kí ó yáa ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iye tí wọ́n pè é lánàá kọ́ ni wọn yóò pè é lọ́la.